Lẹ́tà Ara Ògiri Nìkan Kọ́: Àlàyé Lórí Àyẹ̀wò Ojú Tó Péye

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìlú Òṣogbo ló gbà pé bí wọ́n bá ti jókòó síwájú pátákó lẹ́tà, tí wọ́n fi ọwọ́ bo ojú kan, tí wọ́n ka ìlà bíi mélòó kan, tí wọ́n sì ní kí wọ́n lọ san owó awò, àyẹ̀wò ojú ti parí nìyẹn. Èrò yìí ló ń mú kí ẹni tí ó bá ń ríran dáadáa máa sọ pé òun kò ní nǹkan kan án ṣe lọ́dọ̀ dókítà ojú, tí ẹni tí ó sì ti ra awò lọ́jà ń rò pé òun ti tọ́jú ojú òun. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lẹ́tà kíkà kò ju apá kékeré kan lọ nínú iṣẹ́ náà. Bí ojú ṣe ń ríran lónìí ni ó ń sọ. Kò sọ nǹkan kan nípa ohun tí ó ń lọ lọ́wọ́ lẹ́yìn ẹyinjú, níbi tí àwọn àìsàn tí wọ́n ń fọ́ni lójú wọ́ọ́rọ́wọ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ la ohun tí wọn yóò ṣe fún ẹni tí ó bá lọ fún àyẹ̀wò tó péye sílẹ̀, láti orí ìbéèrè àkọ́kọ́ títí dé orí oògùn tí wọn yóò kán sí i lójú tí ojú yóò fi ṣú bàìbàì fún wákàtí mélòó kan. Ibi tí àwọn ènìyàn ti máa ń sá gan-an ni ojúlówó àyẹ̀wò wà.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya àwọn òṣìṣẹ́ sọ́tọ̀, nítorí pé gbogbo wọn ni a ń pè ní dókítà ojú. Ẹni tí wọ́n ń pè ní ophthalmologist kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn gbogbogbòò, kí ó tó wá lo ọdún mélòó kan sí i lórí ojú nìkan. Òun ni ó lè ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Optometrist lo ọdún 6 ní yunifásítì lórí ìmọ̀ ojú. Ó lè yẹ ojú wò láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó lè kọ awò, ó mọ àmì àìsàn, ó sì lè darí yín sọ́dọ̀ oníṣẹ́ abẹ. Optician ni ó ń gé lẹ́ńsì, tí ó ń kì í bọ inú férémù, tí ó sì ń tún un ṣe kí ó bá imú àti etí yín mu. Kì í ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ láti wá àìsàn nínú ojú. Àjọ ìjọba kan, Optometrists and Dispensing Opticians Registration Board of Nigeria, ni ó ń forúkọ àwọn méjì tí mo dárúkọ gbẹ̀yìn sílẹ̀, kò sì sí ohun tó burú nínú kí ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ fọwọ́ kan ojú yín. Ní Òṣogbo, ẹ lè lọ sí ilé ìwòsàn ńlá bíi UNIOSUN Teaching Hospital, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pè ní LAUTECH, tàbí kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ojú aládàáni. Àmọ́ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta awò nìkan kì í ṣe ilé ìwòsàn, bí wọ́n tilẹ̀ ya ojú ńlá sára pátákó ìta rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó tan iná sí ojú yín, ìbéèrè ni yóò kọ́kọ́ wáyé. Wọn yóò béèrè ohun tí ó gbé yín wá, iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, bóyá ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, oògùn tí ẹ ń lò, bóyá nǹkan ti gbá yín lójú rí, àti bóyá ẹnì kan wà nínú ẹbí tí ojú rẹ̀ fọ́. Ìbéèrè tí ó gbẹ̀yìn yìí ni àwọn àgbàlagbà wa kì í fẹ́ dáhùn délẹ̀. Wọn yóò ní ọjọ́ ogbó ni, tàbí kí wọ́n ní àwọn ọ̀tá ló ṣe bàbá àwọn. Ohun yòówù kí ẹbí máa pè é, bí ìyá, bàbá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín bá ti fọ́jú, ẹ sọ ọ́, kí ẹ sì sọ iye ọdún tí ó wà nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma, tí ó ń pa iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ díẹ̀díẹ̀, máa ń rìn nínú ẹbí, ìdáhùn yín lórí rẹ̀ sì lè yí bí wọn yóò ṣe yẹ̀ yín wò padà.

Ìbéèrè mìíràn tí àwọn ènìyàn máa ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ni ti oògùn tí wọ́n ti ń kán sójú kí wọ́n tó wá. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní sítẹ́rọ́ìdì, tí ó ń pa yíyún àti pípọ́n ojú, wà nínú púpọ̀ nínú àwọn oògùn tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì fún ojú yíyún àti ojú pípọ́n. Lóòótọ́, ojú yóò mọ́, yíyún náà yóò lọ, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi máa ń padà lọ rà á láìsí àṣẹ dókítà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń kán an fún oṣù púpọ̀, ó lè mú kí ìfúnpá inú ojú ga sókè, ó sì lè mú kí lẹ́ńsì inú ojú ṣú. Ẹ mú ìgò rẹ̀ dání, kódà bí ó ti tán. Bákan náà, bí ẹ bá ti kán omi ọmú, ìtọ̀, omi ṣúgà tàbí àgbo sójú, ẹ sọ ọ́ láìtijú. Àwọn dókítà ti gbọ́ irú rẹ̀ rí. Wọ́n fẹ́ mọ̀ kí wọ́n lè wo awọ iwájú ojú fínnífínní, nítorí pé àwọn nǹkan wọ̀nyí lè gbé kòkòrò wọ ibẹ̀ kí ó sì di egbò.

Ẹ̀yìn èyí ni lẹ́tà kíkà yóò wá kàn. Herman Snellen, dókítà ojú ará Nẹ́dálándì, ni ó gbé irú pátákó yìí jáde ní ọdún 1862, ìlànà rẹ̀ ni a sì ń tẹ̀ lé títí di òní. Ẹ óò jókòó ní mítà 6 sí pátákó náà. Bí yàrá kò bá gùn tó bẹ́ẹ̀, wọ́n lè lo dígí láti fi sọ ọ̀nà kúkúrú di gígùn. Bí wọ́n bá kọ 6/6 sínú káàdì yín, ó túmọ̀ sí pé ohun tí ó yẹ kí ojú tó pé rí láti mítà 6 ni ẹ rí. Bí wọ́n bá kọ 6/60, ohun tí ẹni tí ojú rẹ̀ pé yóò rí láti mítà 60 ni ẹ ní láti súnmọ́ dé mítà 6 kí ẹ tó rí i. Ẹni tí kò kàwé kò ní ìdí láti tijú, nítorí pé pátákó mìíràn wà tí lẹ́tà E nìkan wà lára rẹ̀, tí ó kọjú sókè, sísàlẹ̀, sọ́tùn-ún àti sósì. Ìka ni a fi ń tọ́ka síbi tí ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ̀ kọjú sí. Ojú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yẹ̀ wò lọ́tọ̀, nítorí pé bí a bá la ojú méjèèjì sílẹ̀, èyí tó dára yóò máa bo àṣírí èyí tí kò dára. Àwọn kan wà tí wọ́n ti há lẹ́tà náà sórí láti ẹnu àwọn tó ṣíwájú wọn lórí ìlà, àwọn mìíràn sì máa ń di ojú kíkankíkan kí wọ́n lè rí ìlà tó kéré jù. Ta ni wọ́n ń tàn jẹ? Kì í ṣe ìdánwò tí ẹnikẹ́ni ń pàdánù.

Bí ẹ kò bá lè ka ìlà ìsàlẹ̀, wọ́n lè gbé páálí dúdú kan tó ní ihò wẹ́wẹ́ síwájú ojú yín, kí wọ́n sì ní kí ẹ tún un kà. Kò gba ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n ó ń fi ọ̀nà hàn wọ́n. Bí ìríran yín bá dára sí i láti inú ihò náà, ó ṣeé ṣe kí awò tún un ṣe. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, ó ṣeé ṣe kí ohun mìíràn wà nínú ojú náà tí awò nìkan kò lè tún ṣe, dókítà yóò sì mọ̀ pé ó yẹ kí òun wá a.

Láti mọ nọ́ńbà awò, wọ́n lè ní kí ẹ gbé àgbọ̀n lé orí ẹ̀rọ kan, kí ẹ máa wo àwòrán ilé tàbí bàlúùnù tó wà ní òpin ọ̀nà gígùn kan; àwòrán náà yóò ṣú, yóò sì tún mọ́. Nọ́ńbà tí ẹ̀rọ náà bá gbé jáde kì í ṣe nọ́ńbà awò yín o, ibi tí dókítà yóò ti bẹ̀rẹ̀ ni. Ó yẹ kí ó tún gbé férémù onírin kan wọ̀ yín, kí ó máa ki lẹ́ńsì bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì máa béèrè pé, "Màmá, èwo ló mọ́lẹ̀ jù, ti àkọ́kọ́ àbí ìkejì?" Ìbéèrè yìí máa ń kó ìpáyà bá àwọn ènìyàn, wọn yóò máa rò pé àwọn lè ṣì í, kí wọ́n sì gba awò tí kò yẹ. Bí ẹ kò bá rí ìyàtọ̀, ẹ kàn sọ pé, "Dókítà, bákan náà ni." Ìdáhùn gidi ni, ó sì sábà máa ń túmọ̀ sí pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tó ń lọ. Bí ẹ̀rọ bá tẹ ìwé jáde tí ẹnì kan sì gé awò fún yín láti inú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó bi yín ní ìbéèrè yìí rárá, ẹ jẹ́ kí ó kọ yín lóminú.

Ìríran itòsí ni wọn yóò tún yẹ̀ wò, pàápàá fún ẹni tí ó ti lé ní 40 ọdún. Lẹ́ńsì tó wà nínú ojú máa ń le sí i bí ọjọ́ orí ti ń gorí ara wọn, títí kò fi ní lè tẹ̀ dáadáa mọ́ láti wo ohun tó wà nítòsí. Ní Òṣogbo ìlú aró, obìnrin tí ó ti ń fi ìyẹ́ adìẹ ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ láti kékeré yóò déédéé rí i pé àwọn ìlà tóóró tí òun ń fi ẹ̀kọ fà ti ń wọ inú ara wọn, yóò máa fa orí sẹ́yìn kúrò nídìí aṣọ, yóò sì máa pe ọmọ kó wá bá òun fi òwú sínú abẹ́rẹ́. Àìsàn kọ́ nìyẹn, gbogbo ojú ni yóò dé bá. Awò ìkàwé ni oògùn rẹ̀, kì í sì í ṣe òótọ́ pé awò lílò ń sọ ojú di ọ̀lẹ. Ojú yóò máa yí padà bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ, yálà a lò ó tàbí a kò lò ó. Àwọn awò tí wọ́n tò sórí tábìlì ní etí ọjà, tí wọ́n kọ +1.50 tàbí +2.00 sí lára, kò lè ba ojú jẹ́, wọ́n sì wúlò fún ẹni tí nọ́ńbà ojú rẹ̀ méjèèjì bá dọ́gba. Ìṣòro tí mo ní pẹ̀lú wọn ni pé ẹni tí ó bá rà wọ́n, tí ó tún rí Bíbélì tàbí Kùránì rẹ̀ kà, kì í rí ìdí láti lọ sọ́dọ̀ dókítà mọ́, nígbà tó sì jẹ́ pé ọjọ́ orí 40 yẹn gan-an ni ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Àwọn ohun mélòó kan wà tí wọn yóò ṣe kíákíá. Wọn yóò tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú kan, wọn yóò sì gbé e lọ sí èkejì láti wo bí ọmọ ojú ṣe ń sún kì. Wọn yóò ní kí ẹ fi ojú tẹ̀ lé ìka tàbí bírò láìyí orí. Wọn yóò bo ojú kan, wọn yóò sì máa na ìka láti ẹ̀gbẹ́ láti mọ ibi tí ìríran yín fẹ̀ dé. Ìwé aláwọ̀ tóótòòtó tí wọ́n fi ń mọ ẹni tí kì í dá àwọ̀ mọ̀, Shinobu Ishihara ará Japan ni ó ṣe é ní ọdún 1917. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń fún ní èyí.

Wọn yóò wá ní kí ẹ gbé àgbọ̀n àti iwájú orí ti ẹ̀rọ kan tó ní iná tóóró tó mọ́lẹ̀ gan-an. Awò asọhun-kékeré-di-ńlá ni, òun ni dókítà fi ń wo ìpéǹpéjú, funfun ojú, awọ mímọ́ gaara tó bo dúdú ojú, àti lẹ́ńsì tó wà lẹ́yìn ọmọ ojú. Ibí ni ó ti máa ń rí cataract, ìyẹn ìgbà tí lẹ́ńsì náà bá ṣú tí ìmọ́lẹ̀ kò fi lè kọjá dáadáa mọ́. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007 lára àwọn tí wọ́n ti tó 40 ọdún sókè, cataract ni ó fọ́ ojú bíi 43 nínú 100 àwọn tí wọ́n bá tí wọ́n fọ́jú. Iṣẹ́ abẹ ni ó ń wò ó, dókítà yóò yọ lẹ́ńsì tó ti ṣú, yóò sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ títí pé wọ́n máa ń yọ ẹyinjú síta, kí wọ́n gbé e sórí abọ́, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n tó dá a padà. Irọ́ ni. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ayé, nítorí pé ẹyinjú tí wọ́n bá já kúrò lára iṣan rẹ̀ kò lè ríran mọ́ láéláé.

Ọ̀rọ̀ ìfúnpá ojú ló kàn, mo sì fẹ́ kí a farabalẹ̀ níbẹ̀. Omi kan wà nínú ojú tí kì í ṣe omijé. Ojú ń pèsè rẹ̀ tọ̀sán-tòru, ó sì ń gba ọ̀nà tóóró kan jáde padà sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ọ̀nà yẹn kò bá jẹ́ kí ó jáde dáadáa, ìfúnpá inú ojú yóò ga, yóò sì máa pa iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà máa ń gbà wọ̀n ọ́n. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sójú lójijì. Kò dunni, ṣùgbọ́n yóò ta yín jí. Èkejì gba kí wọ́n kán oògùn tó ń mú ojú kú tipiri, pẹ̀lú oògùn aláwọ̀ kan, kí wọ́n tan iná búlúù, kí wọ́n sì fi orí ohun kékeré kan kan iwájú ojú wẹ́rẹ́. Ẹ kò ní mọ̀ ọ́n lára rárá, àyàfi bí ẹ bá ń ṣẹ́jú. Bí ẹ bá fi áńkáṣífù nu ojú lẹ́yìn náà tí ẹ rí àwọ̀ yẹ́lò lára rẹ̀, oògùn náà ni, kì í ṣe pé ojú ń dà. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ẹ máa ra ojú nígbà tí ó ṣì kú tipiri, nítorí pé ẹ lè ha á láìmọ̀.

Nọ́ńbà tí wọn yóò kọ sílẹ̀ kì í sábà kúrò láàárín 10 sí 21 fún ọ̀pọ̀ ojú. Ọ̀rọ̀ ti máa ń rú àwọn ènìyàn lójú níbí, nítorí pé ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 18 yóò máa dunnú lọ sílé, ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 24 yóò sì máa sunkún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn wà tí wọ́n ní glaucoma tí nọ́ńbà wọn kò sì ju 21 lọ. Àwọn mìíràn wà tí nọ́ńbà wọn ga díẹ̀ tí iṣan ojú wọn sì wà ní pípé. Ìfúnpá jẹ́ ìdí kan láti fura, kì í ṣe ẹ̀rí tó dá dúró. Ojú iṣan náà fúnra rẹ̀ ni dókítà gbọ́dọ̀ rí.

Kí ló wá fà á tí a fi ń da ara wa láàmú lórí glaucoma tó báyìí? Ìdí ni pé kì í sábà dunni, kì í pọ́n ojú, kì í sì í fọwọ́ kan àárín ìríran títí tí ọ̀rọ̀ yóò fi bọ́ sórí. Ẹ̀gbẹ́ ni ó ti ń jẹ ìríran bọ̀. Ẹni tí ó ní i lè ka lẹ́tà ara ògiri dé ìlà 6/6, kí ó sì máa fara gbún ilẹ̀kùn, kí ó máa tẹ ọmọdé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó máa wa ọkọ̀ láìrí ọlọ́kadà tó ń ti ẹ̀gbẹ́ bọ̀. Ohun tí ó bá ti jẹ kò ní padà; oògùn, iná léésà tàbí iṣẹ́ abẹ kàn lè dáàbò bo èyí tó ṣẹ́kù ni. Àwa aláwọ̀ dúdú ni ó sì máa ń tètè mú, tí ó sì máa ń le sí jù. Nínú ìwádìí tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, bíi 5 nínú 100 àwọn tí wọ́n ti tó 40 ọdún sókè ni wọ́n bá glaucoma lójú wọn, ó sì lé ní 90 nínú 100 àwọn wọ̀nyí tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwọn ní i. Ẹni tí ó bá ní ojú òun kò ṣe òun ní nǹkan kan, òun gan-an ni àyẹ̀wò yìí wà fún.

Láti rí ẹ̀yìn ojú dáadáa, dókítà ní láti la ọmọ ojú. Ọmọ ojú máa ń sún kì bí iná bá ti bà á. Ẹni tí ó bá gba fèrèsé tóóró yọjú wo pálọ̀ yóò rí tábìlì àárín, kò ní rí ohun tó wà ní kọ̀rọ̀, àfi bí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn fún un. Oògùn bíi tropicamide ni wọ́n ń kán láti fi la ọmọ ojú sílẹ̀. Ó máa ń ta ojú díẹ̀, ó sì máa ń tó 20 sí 30 ìṣẹ́jú kí ó tó ṣiṣẹ́. Ojú dúdú bíi tiwa lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n sì tún un kán lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ óò jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí, ẹ kò ní lè ka ohun tó wà lórí fóònù yín mọ́, ìmọ́lẹ̀ ìta yóò sì máa gún yín lójú. Bí nǹkan ṣe yẹ kí ó rí nìyẹn. Láàárín wákàtí 4 sí 6, ojú sábà máa ń padà sípò. Àwọn tí wọn kò ṣàlàyé èyí fún ni wọ́n ń lọ ròyìn ládùúgbò pé ilé ìwòsàn fẹ́ fọ́ àwọn lójú.

Nítorí oògùn yìí, ẹ má ṣe wa ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, kí ẹ mú ọmọ tàbí àbúrò dání, kí ẹ sì fi fílà etí gígùn tàbí awò dúdú sínú báàgì, nítorí pé oòrùn ọ̀sán ojú ọ̀nà Gbọ̀ngán kì í ṣe ohun tí ọmọ ojú tó là sílẹ̀ lè fara dà. Ẹ má ṣe fi ọjọ́ náà sí ọjọ́ ìṣirò owó ọjà, ẹ má sì gé nǹkan níbi iṣẹ́ kí ojú tó padà. Ẹ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ṣúgà yín bí ẹ ṣe máa ń lò ó, kí ẹ sì jẹun. Àwọn ènìyàn díẹ̀ wà tí ọ̀nà tí omi ojú wọn ń gbà jáde tóóró ju ti ẹlòmíràn lọ, tí oògùn yìí lè dí i pa. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń kọ́kọ́ wo iwájú ojú kí ó tó kán an. Bí ojú bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro yín gidi ní alẹ́ ọjọ́ náà, tí ó pọ́n, tí orí ń fọ́ yín, tí èébì sì ń gbé yín, ẹ padà sí ilé ìwòsàn lóru ọjọ́ náà gan-an.

Nígbà tí ọmọ ojú bá ti là, dókítà yóò fi iná àti lẹ́ńsì wo orí iṣan ìríran, yóò sì wo bí kòtò àárín rẹ̀ ṣe tóbi tó, nítorí pé kòtò náà máa ń fẹ̀ sí i bí glaucoma ti ń pa iṣan. Yóò wo àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó tẹ́ sórí awọ ẹ̀yìn ojú. Nínú gbogbo ara, ibí nìkan ni wọ́n ti lè fi ojú rí òpó ẹ̀jẹ̀ tààrà láìla ara, ìdí sì nìyí tí dókítà ojú fi lè sọ fún ẹnì kan tí kò wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti ọdún méjì pé kí ó tètè lọ wọ̀n ọ́n. Ìtọ̀ ṣúgà máa ń mú kí òpó wọ̀nyí jò, tàbí kí wọ́n dí, kí òpó tuntun tí kò lágbára sì hù, gbogbo rẹ̀ sì lè ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìríran ṣì dára. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS tàbí SC náà nílò kí wọ́n wo ẹ̀yìn ojú wọn. Ó yani lẹ́nu pé SC, tí kì í sábà fi ara dá ènìyàn láàmú tó SS, ni ó máa ń ba ẹ̀yìn ojú jẹ́ jù.

Bí dókítà bá rí ohun tó mú un fura, ó lè ní kí ẹ padà wá fún àyẹ̀wò mìíràn. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹ̀rọ tó ń tan iná kéékèèké káàkiri inú abọ́ ńlá kan, tí ẹ óò máa tẹ bọ́tìnnì nígbàkigbà tí ẹ bá rí i. Ó máa ń suni, ọkàn ènìyàn sì máa ń pòrúùru nítorí pé yóò pẹ́ díẹ̀ nígbà mìíràn kí ó tó rí iná kankan. Ẹ̀rọ náà mọ̀ọ́mọ̀ ń tan iná tó rẹlẹ̀ ju ohun tí ojú lè rí lọ ni, kí ó lè mọ ibi tí agbára ojú yín mọ. Kò sí ẹni tí ó ń rí gbogbo rẹ̀.

Gbogbo àyẹ̀wò ọjọ́ kan lè gba wákàtí kan sí méjì, láìka àkókò tí ẹ fi ń retí káàdì. Bí wọ́n bá kọ awò fún yín, ẹ gba ìwé náà lọ́wọ́, kódà bí ibẹ̀ gan-an ni ẹ ti fẹ́ rà á. R dúró fún ojú ọ̀tún, L fún ojú òsì. Àmì ìyọkúrò tó bá wà níwájú nọ́ńbà SPH ń sọ pé ọ̀ọ́kán ni ẹ kì í rí dáadáa; àmì àròpọ̀ jẹ́ ti ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju bó ti yẹ lọ kí ó tó rí nǹkan, pàápàá ohun tó wà nítòsí. CYL àti AXIS jẹ́ ti ojú tí iwájú rẹ̀ kò tẹ̀ dọ́gba yíká, ADD sì ni ti ìwé kíkà.

Ẹni tí ó ti pé 40 ọdún yẹ kí ó máa lọ ní ọdún kan sí méjì, bí nǹkan kan kò tilẹ̀ ṣe é. Ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà, tàbí tí ìyá, bàbá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ ní glaucoma, yẹ kí ó máa lọ lọ́dọọdún. Ọmọdé yẹ kí ó lọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, nítorí pé ọmọ tí ojú rẹ̀ kan kò ríran láti ìbẹ̀rẹ̀ kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ṣú lójijì, tí ó ń rí kí nǹkan máa kọ mànà pẹ̀lú ọ̀pọ̀ nǹkan dúdú tó ń léfòó, tàbí tí ó rí funfun nínú ọmọ ojú ọmọ rẹ̀, kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò; ọjọ́ tí ó bá rí i ni kí ó lọ.

Kí ẹ tó dìde lórí àga, ẹ bi dókítà ní ìbéèrè mẹ́ta: kí ni ìfúnpá ojú mi méjèèjì, ṣé ẹ rí orí iṣan ojú mi dáadáa, ìgbà wo ni kí n padà wá? Ẹ jẹ́ kí ó kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú káàdì, kí ẹ sì tọ́jú káàdì náà pa mọ́ síbi tí ẹ ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ àti ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ sí, nítorí pé dókítà tí yóò yẹ̀ yín wò lọ́dún tó ń bọ̀ yóò fẹ́ mọ bí kòtò orí iṣan náà ṣe tóbi tó lọ́dún yìí, kí ó tó lè sọ bóyá ó ti fẹ̀ sí i.